Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní Kútọnu, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ń gbé. Bàbá mi ti lé ní 70 ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ní dandan ni kí àwọn fojú ara àwọn rí Guépards, ikọ̀ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa Benin, ní pápá Stade de l'Amitié ní Kouhounou. (Écureuils ni wọ́n ṣì ń pè wọ́n, orúkọ tuntun ti 2022 yẹn kò wọ̀ wọ́n létí rárá.) Nígbà tí a na Nàìjíríà ní 2–1 ní 2024, Abidjan ni wọ́n ti gbá a, orí tẹlifíṣọ̀n la ti wò ó.

Àlọ kò ni mí lára. Àbọ̀ ni. Bí bọ́ọ̀lù bá parí lálẹ́, tí èrò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé a máa ń rí takisí Àjàṣẹ́ nítòsí pápá? Zémidjan (ọ̀kadà) kò ṣeé gbé bàbá sí fún nǹkan bí 30 kìlómítà. Ká háyà ọkọ̀ àlọ-àbọ̀ ńkọ́, èló ni wọ́n ń gbà?

Apá ibo ni òòrùn kì í dé? Ṣé àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga? Ilé ìtọ̀ ńkọ́? Ẹ má fi bò fún mi. Mo fẹ́ ká jìnnà sí àwọn onílù, àmọ́ bàbá ní àárín wọn gan-an làwọn máa jókòó sí.