Ẹyẹ aṣíkiri kọ́, ẹyẹ alọbọ̀ ni

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mi ò tètè dá sí ọ̀rọ̀ tá à ń bá bọ̀, pé orúkọ wo la máa fi pe àwọn ẹyẹ tó máa ń lọ tí wọ́n sì ń padà wá lọ́dọọdún lédè Yorùbá, oṣù kẹta la wà, ìgbà yìí gan-an lọwọ́ àwa tá à ń mú àlejò wo ẹyẹ nínú igbó IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, máa ń dí. Bọ̀ọ̀dá kan nínú wa ní ká máa pe àwọn ẹyẹ tó ń ti Yúróòpù wá ní "ẹyẹ aṣíkiri", èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Aṣíkiri lẹni tógun lé kúrò nílé, tó ń ru ẹrù kiri, tí ò mọbi tílẹ̀ máa ṣú òun sí. Àwọn bàbá wa ò sọ pé àwòdì ń ṣí kiri, wọ́n ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó níṣẹ́ kúkú yá, ẹ ò rí i pé ó ti níbi tó ń lọ kí ẹ̀fúùfù tó dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo mú àwọn ará Jámánì mẹ́rin lọ sétí adágún omi ibẹ̀, a bá alápàńdẹ̀dẹ̀ kan lórí wáyà, èyí tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ pupa, kì í ṣe irú tó ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa o, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni èyí tá a rí yìí ti ń yé ẹyin. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ gùn, ó tuntun, torí ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti pààrọ̀ ìyẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó tó tún fo aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà ní "ó ń múra àtilọ sílé". Mo ní ilé ta ni, ṣebí níbí ló ti lo gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, tó jẹun yó, tó wọ aṣọ tuntun!

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní ẹyẹ alọbọ̀, ká pe ìrìn wọn ní ìlọbọ̀. Èyí tí Bọ̀ọ̀dá kọ pé "ìṣíkiri ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé", ọ̀rọ̀ ará ọ̀hún ni, níbi tá a wà àkọ́rọ̀ òjò ló ń rọ̀ lásìkò yẹn, wọ́n sì ń kúrò ni, àlọ àkọ́rọ̀ ni kálukú máa gbọ́ tó máa yé e.

Àǹtí kan nínú wa ní alọbọ̀ ń rán òun létí àbíkú. Mo rò ó dáadáa Mà, ó dùn mí pé ó kan yín bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojoojúmọ́ la ń wí fún èrò ọkọ̀ ní gáréèjì pé àlọ re, àbọ̀ re, ire la fi ń wá fún un. Ọ̀rọ̀ náà sì gba lékeléke àti àwòdì mọ́ra, tí wọn kì í rékọjá òkun, tó jẹ́ òkè Ọya lọ́hùn-ún ni wọ́n ń lọ tójò bá dé, tí wọ́n á tún padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹni tó bá ní bàbá ọdẹ tàbí àgbẹ̀ nílé, pàápàá ẹ̀yin ará Ṣakí àti Kétu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi wọ́n, kí ni wọ́n ń pe ẹyẹ tó bá òjò lọ?