Ọdún 8 nídìí ìṣirò owó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ̀ mí lórí LinkedIn

Olùbéèrè:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọdún 8 ni mo fi ṣe oníṣirò owó ní ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí iṣẹ́ náà tó bọ́ lọ́wọ́ mi ní oṣù 4 sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù. Mo ṣí ojú-ewé sórí LinkedIn, ìkànnì ayélujára tí àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń pàdé, mo fi àwòrán mi sí i, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ mi pé, "Mò ń wá iṣẹ́ kíákíá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́." Ó ju 100 ènìyàn lọ tí mo ti bẹ̀ pé kí a jọ di ojúlùmọ̀ níbẹ̀, ọ̀gá àgbà tí n kò pàdé rí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn díẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi CV mi ránṣẹ́ báyìí, wọn kì í fèsì mọ́. Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ mí, láì di ẹni tó ń fọ́nnu kiri?

Ìdáhùn kìíní:
Ẹ kú ìrọ́jú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ilé-iṣẹ́ yan òṣìṣẹ́, n kò sì tíì tẹ "mò ń wá iṣẹ́" sínú àpótí ìwárí rí; orúkọ iṣẹ́ ni mo máa ń tẹ̀. Ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ yín gba 220 lẹ́tà àti àlàfo, òun náà ló sì ń tẹ̀ lé yín dé ibi gbogbo tí orúkọ yín bá ti yọ, nítorí náà iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ibi tí ẹ ó ti ṣàlàyé ara yín gba 2,600, ṣùgbọ́n àwọn ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni ènìyàn ń rí kó tó tẹ̀ ẹ́ láti ka ìyókù, ẹ má sì fi ìkíni ṣòfò níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ 12 ni wọ́n ń lò láti parí ìṣirò oṣù kí ẹ tó débẹ̀, tí ẹ sì sọ ọ́ di ọjọ́ 5, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ yí padà. Ẹ̀rí iṣẹ́ ni ìyẹn, kò sẹ́ni tí yóò pè é ní ìfọ́nnu. Àṣírí owó ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ni kí ẹ má fọwọ́ kàn.

Ìdáhùn kejì:
Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí ló ká mi lára jù. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí agbára ojúlùmọ̀ tí kò sún mọ́ni púpọ̀: ohun tí àwa gbọ́ náà ni àwọn tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, ń gbọ́, nígbà tí ẹni tí a kàn mọ̀ díẹ̀ ń gbọ́ ìròyìn tí kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2022, àwọn olùwádìí tẹ èsì jáde lórí ohun tó lé ní 20 mílíọ̀nù ènìyàn tó ń lo LinkedIn, wọ́n sì rí i pé irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣèrànwọ́ fún rírí iṣẹ́ ju àwọn tó sún mọ́ni pẹ́kípẹ́kí lọ. Ẹ fi àwọn ọ̀gá àgbà sílẹ̀ ná. Níbo ni ayẹ̀wé-owó-wò tó máa ń wá sọ́dọ̀ yín lọ́dọọdún wà? Àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ tí wọ́n ti kúrò ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí wọn báyìí pé: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni a jọ wá òdo kan tó sọnù nínú ìwé gbèsè títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe rí lọ́dọ̀ yín." Ẹ má fi CV kankan mọ́ ọn.

Ìdáhùn kẹta:
Èmi kò fẹ́ kí ẹ̀yin olùbéèrè máa fi wíwá iṣẹ́ ṣe ohun ìtìjú. Ààyè wà lórí LinkedIn láti fi hàn pé iṣẹ́ lẹ̀ ń wá, yálà fún gbogbo ènìyàn tàbí fún àwọn agbanisíṣẹ́ nìkan, ẹ lò ó. Bí kíkọ ọ̀rọ̀ tiyín bá sì ń nini lára, ẹ máa dáhùn ìbéèrè tí àwọn oníṣirò mìíràn bá béèrè níbẹ̀, kí ẹ dáhùn rẹ̀ kúnnákúnná. Bí wọ́n ṣe mọ èmi nìyẹn.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti tún ìlà náà kọ, mo sì kọ̀wé sí ènìyàn 3. Ayẹ̀wé-owó-wò ọjọ́sí fèsì kí wákàtí kan tó pé, ó sì béèrè irú sọ́fítíwia ìṣirò tí mo mọ̀ ọ́n lò. Mo wo ojú-ewé mi látòkè délẹ̀, n kò kọ ọ́ síbì kankan.

Ìdáhùn kìíní:
Ẹ dá a lóhùn ná, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ orúkọ sọ́fítíwia yẹn sínú ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ yín lónìí. Òun gan-an ni mo máa ń tẹ̀ mọ́ orúkọ iṣẹ́ nígbà tí mo bá ń wá oníṣirò.