Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti ilé ìwòsàn eyín, irú ìrora wo ni kò ṣeé fi falẹ̀?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nígbà kòrónà lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn eyín ló jẹ́ pé pàjáwìrì nìkan ni wọ́n ń gbà. Èwo gan-an ni pàjáwìrì? Kí sì lèèyàn lè ṣe kí wọ́n tó dá a lóhùn?

Eyínfunfun: Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn. Bó bá ń wú lọ sókè ojú tàbí sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, tí mímí ń nira, ẹ má dúró de dókítà eyín. Ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ sáré lọ, torí wíwú abẹ́ ahọ́n lè dí ọ̀nà èémí láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 tí wọ́n ti fi eyín di gọ́ọ̀sì (aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́) mú ṣinṣin náà kò gbọdọ̀ dúró. Akokoro tí kò jẹ́ kéèyàn sùn, ẹ pe dókítà eyín lọ́jọ́ náà. Eyín tó kán díẹ̀ tí kò dunni lè dúró.

Ìyá Oníṣègùn: Òótọ́ lẹ sọ. Ní ti oògùn, àgbàlagbà lè lo ibuprofen 400 mg pẹ̀lú paracetamol 1000 mg lẹ́yìn oúnjẹ. Kí ibuprofen má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kí paracetamol má kọjá 4000 mg. Ẹ ṣọ́ra o: paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn òtútù, ibẹ̀ lèèyàn ti ń lò ó jù láìmọ̀. Aboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ásímà, kó fi ibuprofen sílẹ̀ àfi tí dókítà bá ní kó lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aspirin há ẹ̀gbẹ́ eyín! Ó máa ń jó erìgì, á funfun, á sì bó.

Oògùn apakòkòrò (antibiotics) kì í wo akokoro. Ara eyín le bí àpáta. Bí ẹran inú rẹ̀ bá ti kú, ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́, oògùn náà ò sì lè débẹ̀. Àfi kí wọ́n ṣí eyín náà tàbí kí wọ́n yọ ọ́.

Eyínfunfun: Ìdí tí wọ́n fi ń yọ eyín nígbà náà ju kí wọ́n dí i lọ ni pé ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ eyín máa ń fọ́n omi àti itọ́ sáfẹ́fẹ́ bí ìrì, àrùn sì lè bá a ràn. Bí ẹ bá ń pè, ẹ sọ bí ikọ́ tàbí ibà bá wà. Kí dókítà lè rí eyín náà, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ ya fọ́tò níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti ń wọlé.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Eyín tó já yọ gbáà ńkọ́?

Ìyá Oníṣègùn: Orí eyín náà, ibi tó máa ń hàn lẹ́nu, ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Ẹ fi wàrà tàbí omi tó mọ́ ṣàn án wéré, ẹ má ha á, kẹ́ ẹ dá a padà sínú ihò rẹ̀, kí ẹni náà sì fi eyín di aṣọ mú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi sínú wàrà, kì í ṣe omi, kẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín kí ìṣẹ́jú 30 tó pé. Tó bá jẹ́ eyín tí ọmọdé kọ́kọ́ hù ni, ẹ má dá a padà rárá, ó lè ba eyín tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́.