Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ti dé tán: kí la ó fi àwọn ọmọ àdúgbò ṣe?

Akọ̀wé Tuntun, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ní ẹ́sítéètì wa níbí ní Adó. Èmi rò pé ohun tí wọ́n bá sọ nípàdé nìkan ni màá máa kọ sílẹ̀. Àṣé iṣẹ́ ń bẹ níwájú. Ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n ní kí n wá ohun tí àwọn ọmọ yóò máa ṣe ní gbogbo ìsinmi yìí, kí n sì máa fi ìròyìn àdúgbò ránṣẹ́ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìparí oṣù keje ni iléèwé ń parí, ó sì di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó wọlé padà. Ọ̀pọ̀ òbí tó wà lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tó kù ń tajà l'Ọ́jà Ọba. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ nìkan ló ń wà nílé pẹ̀lú fóònù. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan nínú wọn lọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò ẹ̀yìn ẹ́sítéètì lọ́jọ́ tí omi kún. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Àwọn àgbà fẹ́ kí owó tó wà nílẹ̀ lọ sórí gọ́tà àti owó ọlọ́dẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ ìdíje bọ́ọ̀lù. Àwọn ìyá ń fẹ́ lẹ́sìnnì. Àwọn kan tún ní àfi ká kó gbogbo ọmọ lọ wo omi gbígbóná Ìkógòsì. Owó ọwọ́ wa ò lè gbé e.

Ṣùgbọ́n èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn rèé. Àwọn ilé kan wà tí wọn ò san owó àdúgbò, ó sì ti pẹ́. Alága ní kí n má kọ orúkọ ọmọ wọn sínú ètò yìí rárá, pé ẹni tí kò bá wọn dá kò gbọdọ̀ bá wọn jẹ. Mo mọ àwọn ọmọ náà, wọ́n wà lára àwọn tó ń bá ọmọ tèmi ṣeré. Báwo ni kí n ṣe é tí inú alága ò ní bàjẹ́, tí ojú ò sì ní ti ọmọ kankan?

Ìyá Ìbejì

Akọ̀wé, ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ kì í jẹ gbèsè. Òbí ló jẹ ẹ́.

Ẹ bá mi bi alága yín: bí ẹ bá lé àwọn ọmọ yẹn kúrò lórí pápá, ibo ni wọn ó gbà lọ? Inú ilé kọ́ o. Odò tí ẹ dárúkọ yẹn ni. Tàbí kí wọ́n dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, kí wọ́n máa wo àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò tí a gbé tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ́ gílóòbù gbogbo iná ojú títì, gbogbo wa la sì mọ ohun tó fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde.

Alága Àná

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ rọra. Èmi náà ti ṣe alága rí, mo mọ ohun tí ojú ọkùnrin yẹn ń rí. Ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù ń wo ẹni tí kì í san. Bí ohun gbogbo bá ti di ọ̀fẹ́, àwọn tó ń san gan-an yóò káwọ́ wọn sẹ́yìn. Ta ni yóò wá san owó ọlọ́dẹ? Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe é.

Bí a ṣe yanjú tiwa nìyí. Ohunkóhun tí a bá ṣe nínú ọgbà, gbogbo ọmọ tó bá ń gbé níbẹ̀ ló ni ín: bọ́ọ̀lù, àlọ́, eré, ẹ̀kọ́. A ò béèrè risíìtì lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti gba ọkọ̀ àti oúnjẹ, òbí kọ̀ọ̀kan ni yóò san ti ọmọ tirẹ̀, a ò ní fọwọ́ kan àpò ẹgbẹ́. Nípa báyìí, gbèsè ò wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá lówó kí ọmọ rẹ̀ lọ, ó lọ.

Àwọn tó jẹ gbèsè ńkọ́? Èmi àti akápò la lọ bá wọn nílé, lálẹ́, ní bòókẹ́lẹ́. Káfíńtà ni ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ ò sì rìn dáadáa fún un nígbà náà. A ní kó bá wa tún àwọn bẹ́ǹṣì gbọ̀ngán ṣe, a sì yọ owó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú gbèsè. Inú rẹ̀ dùn ju tiwa lọ. Ẹ dá a lábàá fún alága, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é nípàdé. Ẹ lọ bá a nílé, ẹ jẹ́ kó dà bíi pé òun ló mú ìmọ̀ràn náà wá.

Ìyá Ìbejì

Èyí dáa. Mo gbà fún yín lórí iṣẹ́ káfíńtà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé "ẹni tó bá lówó kó lọ" yẹn ṣì ń dùn mí. Àwọn ọmọ yóò padà dé, wọn ó máa sọ ohun tí wọ́n rí, àwọn tó kù yóò máa wò wọ́n lẹ́nu.

Ọmọ Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Ìkógòsì, torí ìlú mi ò jìnnà síbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì ló wà. Omi méjì ló ń ṣàn níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, wọ́n wá pàdé síbì kan náà, síbẹ̀ ẹ lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ gbígbóná àti èyí tó jẹ́ tútù. Wọ́n ní èyí tó gbóná tó 70°C níbi tó ti ń sun, tó bá fi máa dé ibi ìpàdé, ó ti wálẹ̀ sí bíi 37°C. Ọmọ tó bá ti rí i kò ní gbàgbé.

Àmọ́ ẹ fetí sí mi. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé bí ẹ bá ti dé Ìkógòsì, kí ẹ kúkú gba Ìpólé-Ìlórò kọjá lọ wo omi Àrìnta tó ń já láti orí àpáta. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àsìkò òjò la wà yìí. Omi Àrìnta ń kún dáadáa lásìkò yìí, ó sì lẹ́wà, àmọ́ gbogbo àpáta àti àtẹ̀gùn ibẹ̀ ló ń yọ̀. Èmi ò ní kó ọmọ ogójì lọ síbẹ̀ láéláé. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Kí ẹnì kan sì kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó dá owó lé òbí lórí.

Tísà Fẹ̀yìntì

Ta ló ní dandan ni ká rìn jìnnà? Inú Adó tí ẹ wà yìí, ọmọ mélòó nínú ẹ́sítéètì yín ló lè sọ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ Fájuyì Páàkì lórúkọ? Wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá ṣáá ni. Ọmọ Adó ni Adékúnlé Fájuyì, ọdún 1926 ni wọ́n bí i. Òun ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Ìbàdàn ni wọ́n sì pa á sí lọ́jọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966, òun àti Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, tó gbà lálejò. Ọjọ́ yẹn bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi. Ẹ kó wọn lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kí àgbàlagbà kan sọ ìtàn náà fún wọn níbẹ̀. Owó ọkọ̀ díẹ̀ ni, kódà ẹgbẹ́ lè san án fún gbogbo ọmọ, ìyẹn á sì tán ẹ̀dùn ọkàn Ìyá Ìbejì.

Bákan náà ni ogun Kíríjì. Ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, ló bá Ìbàdàn jà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kó tó parí pátápátá. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí wà níbẹ̀, Ògèdèǹgbé Iléṣà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò mọ Fábùnmi.

Ní ti lẹ́sìnnì, mo bẹ yín ní orúkọ Ọlọ́run, wákàtí méjì láàárọ̀ ti tó, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọmọ tó ti fi odidi ọdún jókòó ní kíláàsì nílò kó na ẹsẹ̀. Ẹ wá baba tó mọ ayò ọlọ́pọ́n ta kó kọ́ wọn. Ìṣirò ń bẹ nínú ayò ju bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò lọ. Bí ẹ bá sì rí ìyá kan láti Ìsàn-Èkìtì tó mọ amọ̀ mọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá jókòó pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ fẹ́ràn kí ọwọ́ wọn dọ̀tí.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé gọ́tà yàtọ̀ sí ètò ọmọdé, ọ̀kan náà ni. Omi tó bá dúró sójú kan fún bíi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ti tó fún ẹyin ẹ̀fọn láti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà gbá gọ́tà ní Sátidé àkọ́kọ́. Kí ọmọdé má wọ inú rẹ̀ o, ìgò fífọ́ pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa rìn káàkiri ọgbà, kí wọ́n da omi inú agolo, táyà àti ike nù. Ẹ fún ojúlé tó bá mọ́ jù ní ẹ̀bùn. Nígbà náà, alága ò lè sọ pé ètò ọmọdé gba owó gọ́tà.

Kí omi mímọ́ wà lórí pápá. Ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ lásìkò òjò. Bó bá mú ọmọ kan, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kan náà, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bí ìgbẹ́ náà bá dà bí omi tí a fi se ìrẹsì, tí kò sì dáwọ́ dúró, ẹ má fi àgbo falẹ̀.

Ní ti odò: kí ọlọ́dẹ ọ̀sán máa yí ẹ̀yìn ibẹ̀ ká. Ìkìlọ̀ ẹnu nìkan ò tó ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Kóòṣì

Bọ́ọ̀lù, ẹ fi sí oṣù kẹjọ. Òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà, pápá á le. Bó bá di oṣù kẹsàn-án, ẹrẹ̀ ni ẹ ó máa gbá. Ẹ má pín ẹgbẹ́ bí ojúlé ṣe wà o, ìjà àwọn òbí ló ń mú wá. Ẹ da gbogbo orúkọ sínú fìlà kan, kí wọ́n máa mú un. Ọmọ ẹni tó sanwó àti ọmọ ẹni tí kò san á wọ aṣọ kan náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin gbá pẹ̀lú, kì í ṣe kí wọ́n máa pín omi.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Kóòṣì, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọjọ́ àṣekágbá. Àsìkò iṣu tuntun nìyẹn. Tó bá ti tó ọdún Olósùnta, ẹ ò ní rí àwa ará Ìkẹ́rẹ́ nílé, ìlú mìíràn náà sì ní tiwọn. Ẹ béèrè ní ojúlé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó mú ọjọ́. Lọ́jọ́ àṣekágbá gan-an, iyán ni kí ẹ gún o, ẹ má wá fi ìrẹsì dọ́gbọ́n sí wa lára ní Èkìtì.

Àǹtí Ìròyìn

Kò sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àbúrò mi, ẹ má kọ ọ́ gùn. Ẹni tó bá rí ojú ìwé mẹ́ta lórí WhatsApp, ó ti rékọjá rẹ̀. Ohun tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ibi tó ti ń wáyé, ẹni tí òbí lè pè: ó tán. Ọ̀rọ̀ owó àti orúkọ onígbèsè ò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ láéláé. Ẹ lẹ̀ ẹ̀dà kan mọ́ gẹ́ètì fún àwọn tí dátà wọn ti tán. Fún àwọn ìyá àgbà, ẹ fi ohùn yín sọ ọ́ ní ẹnu Èkìtì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn kó gbé e sí wọn létí. Ìyá mi kì í dáhùn Yorùbá ìwé, ṣùgbọ́n ẹ pe uyán (iyán) àti ulé (ilé) létí wọn, wọn á dìde jókòó.

Akọ̀wé Tuntun

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo lọ bá alága nílé lálẹ́ àná. Mo kọ́kọ́ sọ ti gọ́tà, ojú wọn rọ̀. Mo wá sọ ti iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn tó jẹ gbèsè. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní àwọn náà ti ń rò ó tẹ́lẹ̀. (Alága Àná, mo rántí yín, mo gbé ẹ̀rín mì.) Wọ́n gbà kí gbogbo ọmọ wọ inú ètò inú ọgbà àti ti Fájuyì Páàkì. Ìkógòsì di ìparí oṣù kẹjọ, fún ẹni tó bá lè san án. Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ràn èyí, èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀ tán.

Ó ku kí n wá baba tó mọ ayò. Ta ló mọ ẹnì kan ní apá Baṣírí tàbí Àjílóṣun?

Tísà Fẹ̀yìntì

Èmi ńkọ́? Ẹ kàn wá ọpọ́n. Ọmọ ayò wà lọ́wọ́ mi.