Ẹni tó forúkọ pamọ́ búni: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo wà lára àwọn tó ń bójú tó ẹgbẹ́ àwa ọmọ Kétu kan, ní ilẹ̀ Benin, lórí Facebook. Àwọn kan ní kí a má gba ẹnikẹ́ni láyè mọ́ láti kọ̀wé láìdárúkọ. Èmi kò gbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ kọ̀wé síbẹ̀, ó forúkọ pamọ́. Ọdún tí wọ́n bá a dá ti pé, ọ̀gá rẹ̀ kò dá a sílẹ̀. Owó tí kò sí nínú àdéhùn ló ń béèrè kó tó ṣe ayẹyẹ fún un. Ta ló máa fi orúkọ ara rẹ̀ kọ irú èyí, nígbà tó ṣì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá náà láràárọ̀? Àwọn ìyá dá a lóhùn. Aránṣọ àgbà kan ṣàlàyé ìdánwò CQM tí ìjọba ń ṣe fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹlòmíràn ní kó mú ìwé àdéhùn rẹ̀ lọ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ aránṣọ. Àwa tó ń bójú tó ibẹ̀ nìkan ló mọ ẹni tó jẹ́, torí Facebook máa ń fi orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ hàn wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ èyí rárá.

Ẹni kejì náà kò mọ̀ ọ́n. Ìyá kan ń gba àjọ lọ́jà. Ẹni kejì yìí forúkọ pamọ́, ó kọ ọ́ pé ìyá náà ti kówó àjọ jẹ. Ó dárúkọ rẹ̀, ó sọ ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà, ó bú u tìyá tìbaba. Kílẹ̀ tó ṣú, àwọn alájọ ti kún iwájú ìsọ̀. Ìyá mú ìwé àjọ jáde, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ti kó, ẹni tó kù, iye tó wà nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ìwé náà. Owó pé pérépéré. Síbẹ̀, àwọn kan kò bá a dájọ mọ́ títí dòní.

Nígbà tí mo wo orúkọ, ẹni tó ti kó tirẹ̀ ṣáájú tí kò sì dá mọ́ ni! Mo pè é lórí fóònù. Mo kí i, mo béèrè ará ilé, mo wá sọ ohun tó kọ fún un. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín?” A yọ ọ̀rọ̀ náà, a yọ òun náà. Ṣùgbọ́n àwòrán ohun tó kọ ti wọ WhatsApp. Láti ọdún 2020, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ káàkiri léraléra, ojú kan ṣoṣo ni WhatsApp ń jẹ́ kéèyàn fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ń dín eré rẹ̀ kù, kò dá a dúró.

Àwa ọmọ Kétu ló yẹ kó yé jù. Ẹ̀fẹ̀ a máa bojú jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a máa fi orin bá òṣìkà wí láìwojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ júbà Ìyá Ńlá àti àwọn àgbà, ẹgbẹ́ ló sì rán an. Àwọn tó rán an mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ.

Ohun tí a ń ṣe báyìí nìyí. Bó o bá fẹ́ sọ ìṣòro ara rẹ, forúkọ pamọ́, ó tọ́ sí ọ. Bó o bá fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn tó o sì dárúkọ rẹ̀, gbé orúkọ tìrẹ náà kalẹ̀, tàbí kó o kó ẹ̀rí wá bá wa ní kọ̀rọ̀. Kí a tó pa èébú rẹ́, a máa ń ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó jáde, torí òfin wà: abala 550 nínú Code du numérique, òfin ilẹ̀ Benin lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, nọ́ńbà 2017-20 ti ọdún 2018. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ irọ́ mọ́ ẹnìkan lórí ẹ̀rọ, tàbí tó kàn bá wọn gbé e kiri, lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 1 sí 6, kó sì san 500,000 sí 1,000,000 fáráǹ. Èmi kì í sáré lọ síbẹ̀ o. Òfin yẹn kan náà ti gbé àwọn oníròyìn dé kóòtù. Ìyá alájọ náà kò fẹ́ ẹjọ́. Ó ní kí ẹni tó kọ ọ́ wá sọ pé irọ́ ni, lójú àwọn tó gbọ́ ọ. Ẹni náà àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ ọjà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ kú làálàá, Ẹ̀gbọ́n. Tèmi, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ló ń fi èébú ránṣẹ́ sí mi lóru. Ọmọ mi ní kí n ṣe bí ẹni fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà lórí fóònù, orúkọ á jáde kí n tó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ jáde lóòótọ́: bàbá arúgbó kan ni! Wọ́n ti fi káàdì rẹ̀ ra SIM láìsọ fún un. Ẹ má gbéjà ko orúkọ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Lórí rédíò wa, ẹni tó bá pè á kọ́kọ́ sọ orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ fún wa kó tó wọlé. Lórí afẹ́fẹ́, “ará Wàndó kan” la máa pè é. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ bá tú u síta ńkọ́?

Ẹni tó kọ̀wé: Ó ti ṣẹlẹ̀, àbúrò. Ẹnìkan nínú wa fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ han ọ̀rẹ́ rẹ̀. A yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, a sì kọ̀wé sí ẹni tọ́rọ̀ kàn kó tó gbọ́ ọ níta.