Àjàrà mi ò so, ewé lásán ló ń ṣe. Ẹ gbà mí o

Ìyá Adé (Adó-Èkìtì)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olọ́gbà ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Mo ní igi àjàrà kan lẹ́yìnkùlé, èyí tí wọ́n ń pè ní Thompson Seedless, àjàrà aláwọ̀ ewé tí kò ní kóró nínú. Ẹni tó tà á fún mi fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, ṣírí rẹ̀ gùn, ó kún, itọ́ ń dà lẹ́nu mi níbẹ̀. Owó tí mo san, títí di òní n kò tíì lè sọ iye rẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ mi. Ní báyìí, bí mo bá pe ẹni náà, fóònù á dún títí, kò ní gbé e.

Ewé? Ewé wà ńbẹ̀ dáadáa. Ó ti bo gbogbo wáyà tí a ta fún un. Èso ni a ò rí. Mo da ìgbẹ́ adìẹ sí ìdí rẹ̀, mo da fatiláísà sí i, mo ń bomi rin ín lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí mo fowó rà o, torí kànga wa máa ń gbẹ. Ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní ejò ni mò ń pè wálé. Obìnrin tó ń ta èlùbọ́ nílé kejì, bó bá ti rí mi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi, á ní, "Ìyá Adé, ìgbà wo la máa mu wáìnì?" Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan tilẹ̀ ní kòkó àti iṣu ni ilẹ̀ Èkìtì mọ̀, pé kí n hú u, kí n gbin ewúro síbẹ̀. Kí ló wá dé tí igi yìí ò fi so? Kí ẹni tó bá mọ̀ jọ̀wọ́ dá mi lóhùn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Akọ ni. Ẹ gé e. Ṣé ẹ ò rí ìbẹ́pẹ ni? Akọ á yọ òdòdó títí, kò ní so láyé. Ẹ wá abo ra.

Ìyá Ìbejì (Ìkẹ́rẹ́)
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Adé. Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí ìgbà tí bàbá àwọn ìbejì ń ṣiṣẹ́ ní Kánò. Onílé wa ní àjàrà tó fà bo àtíbàbà tí wọ́n ń jókòó sí, a ó kàn na ọwọ́ sókè, a ó já a. Ó dùn! Nígbà tí a padà sílé, mo ra àjàrà ní ilé ìtajà, mo gbin kóró rẹ̀ sínú kòkò. Ó hù o. Mo gbé e bọ́ sílẹ̀, ó ń fà lọ. Ọjọ́ tí mo lọ síbi òkú kan ní Ìlawẹ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò wọlé, ó jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Títí di òní, èmi àti olówó ewúrẹ́ yẹn kì í kí ara wa. Ẹ fi ìgbẹ́ adìẹ kún un, ó máa so.

Tíṣà Ìjerò
Ìyá Adé, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ròyìn èlùbọ́, ẹ ròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò sọ nǹkan tí a lè fi ràn yín lọ́wọ́. Ọdún mélòó ni igi náà ti lò? Ṣé oòrùn ń bá a láti òwúrọ̀ dalẹ́? Báwo lẹ ṣe ń rẹ́wọ́ rẹ̀, ìgbà wo sì ni?

Ẹ̀yin tó ń pè é ní akọ, ẹ fi ti ìbẹ́pẹ sílẹ̀. Àjàrà inú igbó ló ní akọ àti abo lọ́tọ̀. Àwọn èyí tí à ń jẹ, nínú òdòdó kan náà ni takọtabo wọn wà, igi kan ṣoṣo á so láìsí èkejì.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Tíṣà, ẹ tún ti dé. Gbogbo nǹkan lẹ mọ̀. Bàbá mi gbin ìbẹ́pẹ, mo mọ akọ mo mọ abo.

Àyànfẹ́ Olúwa
Jòhánù 15, ẹsẹ kejì: gbogbo ẹ̀ka tí kò so èso ni Ó ń mú kúrò. Ẹ yẹ ara yín wò, ìyá wa. Nígbà mìíràn, kì í ṣe igi ló níṣòro.

Alábòójútó
Àyànfẹ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìwàásù ní ibi tirẹ̀. Ọ̀gbìn là ń sọ níbí.

Ìyá Adé (Adó-Èkìtì)
Ó ti ń lọ sí ọdún kẹrin. Oòrùn ń bá a dáadáa, kò sí igi kankan nítòsí. Tíṣà, ẹ má sọ̀rọ̀ sí mi bí ẹni tí kò lọ ilé ìwé. Mo wo fídíò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó inú fídíò ní kí á gé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kù sí ojú méjì péré, ìyẹn ibi tí ọ̀mùnú ti máa ń yọ lára ẹ̀ka, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń ṣe é, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tó mú. Igi mi mọ́ ju ti òyìnbó náà lọ. Àyànfẹ́, mo ti rí ọ̀rọ̀ yín. Ọlọ́run ń gbọ́.

Bàbá Kòkó (Ìkọ̀lé)
Ọmọ mi, o kú wàhálà. N kò gbin àjàrà rí, ṣùgbọ́n kòkó ni mo fi tọ́ ọmọ, mo mọ igi. Èyí tí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù nídìí rẹ̀, ewé ló máa ń lé, kò ní rántí èso. Ìgbẹ́ adìẹ lágbára. Ìwọ tún wá da fatiláísà lé e. Dáwọ́ dúró ná. Ìyá Ìbejì, ẹ má tún sọ pé kó fi kún un.

Ìyá Ìbejì (Ìkẹ́rẹ́)
Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ ni mò ń dà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, ẹ wá wo bó ṣe ń so.

Tíṣà Ìjerò
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ là ń sọ, ẹ̀yin ìyá wa.

Ìyá Adé, bó bá jẹ́ Thompson lóòótọ́, ojú méjì yẹn ló ń pa yín lára. Orí ẹ̀ka tó bá ti gbó ni àjàrà ti ń so: ojú tó wà lára ẹ̀ka yẹn ló máa hù, ọ̀mùnú tó bá ti ibẹ̀ jáde ló máa gbé ṣírí. Ti Thompson ni pé àwọn ojú tó wà ní ìdí ẹ̀ka rẹ̀, ewé ló sábà máa ń wà nínú wọn. Àwọn tó wà lókè díẹ̀ ló ní èso. Bí ẹ bá gé e kù sí ojú méjì, ibi tí èso wà gan-an lẹ gé dànù. Ojú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí ẹ̀ka tí ẹ bá yàn. Àjàrà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Cardinal ni ojú méjì bá lára mu, bóyá òun ni òyìnbó yẹn ń gé.

Ẹ ò sì tíì dáhùn èyí tó ṣe kókó. Ìgbà wo lẹ máa ń gé e?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Mo ṣì ń sọ pé akọ ni.

Ìyá Adé (Adó-Èkìtì)
Kò ní ìgbà kan pàtó. Bó bá ti fà kọjá ògiri sọ́dọ̀ alélùbọ́, Màmá á fi àdá gé e, torí ejò. Èmi á wá fi sísọ́ọ̀sì tún un ṣe kó lè gún régé. Lásìkò òjò, ó lè tó oṣooṣù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi bú Màmá o, ìyá ọkọ mi ni, a sì ti jọ parí ọ̀rọ̀ yẹn. Kò tiẹ̀ lè jẹ́ gígé ló fà á, torí gígé ló ń mú kí igi lágbára.

Àbí ẹ rò pé kò lè so ni? Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí mo gbìn ín, kí Màmá tó kó wá sọ́dọ̀ wa, ó so ṣírí kékeré kan. Àwọn ọmọ ló jẹ ẹ́. Adé ní ó dùn, àfi pé kóró rẹ̀ korò, ó tu ú sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ìkẹ́rẹ́)
Kóró kẹ̀?!

Bàbá Kòkó (Ìkọ̀lé)
Akọ tó so. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n dà o?

Tíṣà Ìjerò
Ìyá Adé! Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ.

Thompson kì í ní kóró tí ọmọdé ń tu sílẹ̀. Òun ni wọ́n ń sá gbẹ tó ń di résínsì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rọ̀, ó kéré, ẹnu ò ní mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, irú mìíràn ni. Ẹni tó tà á fún yín purọ́ tàbí kó má mọ ohun tó ń tà.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Igi náà so ní Adó, lórí ẹ̀ka tí ẹnikẹ́ni ò gé. Látìgbà tí àdá ti débẹ̀, kò so mọ́. Ní ilẹ̀ òtútù, òtútù ló ń mú kí àjàrà sinmi, tí yóò sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí kò sí òtútù, gígé ló ń jí i, nítorí náà a kì í gé e bó bá ṣe wù wá. Ní Nashik ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń gbin Thompson rẹpẹtẹ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń rẹ́wọ́ rẹ̀. Ní Oṣù Kẹrin, wọ́n á gé e kúrú, kí ẹ̀ka tuntun lè yọ. Wọ́n á fi ẹ̀ka yẹn sílẹ̀ kí oòrùn pa á, inú ojú rẹ̀ ni èso ti ń dá ara rẹ̀ sílẹ̀ láìhàn síta. Bó bá di nǹkan bí Oṣù Kẹwàá, wọ́n á gé orí rẹ̀, èso á yọ, wọ́n á kórè lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Tiyín, kí ojú tó ṣe tán ni àdá á ti dé.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ tèmi: láti Oṣù Keje yìí lọ, kò sẹ́ni tó máa gé e. Èyí tó bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ alélùbọ́, ẹ rọra fà á padà, kẹ́ ẹ so ó mọ́ wáyà. Níbi tí ewé bá ti ṣú jù, ẹ já díẹ̀ kí oòrùn lè wọlé. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní Oṣù Kọkànlá, ẹ dín omi kù ná. Lẹ́yìn náà, ẹ yan àwọn ẹ̀ka tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, tó nípọn tó pẹ́ńsù. Níwọ̀n bí a ò ti mọ irú rẹ̀, ẹ fi ojú mẹ́wàá sórí àwọn kan, ẹ fi ojú mẹ́ta sórí àwọn kan, ẹ já ewé tó kù kúrò, kí ẹ wá bomi rin ín dáadáa. Èyí tó bá so á sọ fún yín bí ẹ ó ṣe máa gé e. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin láti ìgbà gígé kó tó pọ́n, ìyẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ kí òjò ńlá tó dé.

Bàbá Kòkó (Ìkọ̀lé)
Tíṣà sọ ọ́ re. Kí n bi ọ́ léèrè, ọmọ mi, ṣé ewé rẹ̀ máa ń ní àmì rúsúrúsú lókè, tí abẹ́ rẹ̀ á hu nǹkan funfun?

Ìyá Adé (Adó-Èkìtì)
Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, lásìkò òjò. Mo rò pé eruku ni.

Bàbá Kòkó (Ìkọ̀lé)
Eruku kọ́, àrùn òjò ni. Ra kọ́pà sọ́lfétì, nǹkan búlúù tí àwa àgbẹ̀ kòkó ń pò mọ́ láìmù (ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun, kì í ṣe ọsàn) fi fín kòkó kí èso rẹ̀ má baà dúdú. Giramu 100 kọ́pà, giramu 100 láìmù, sí lítà 10 omi. Bókẹ́ẹ̀tì oníke ni kó o fi pò ó, ó máa ń jẹ irin. Wọ ìbọ̀wọ́, fín abẹ́ ewé náà, má sì fín in bí èso bá ti ń pọ́n.

Tíṣà Ìjerò
Kẹ́ ẹ sì wò ó, àjàrà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe òògùn yẹn fún ní Bordeaux nílẹ̀ Faransé, kó tó dé orí kòkó wa.

Ìyá Adé (Adó-Èkìtì)
Ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ní àwọn á gbé àdá sílẹ̀ bí mo bá ń ro abẹ́ rẹ̀ mọ́, kí ilẹ̀ máa hàn. Mo gbà. Ti pé kì í ṣe Thompson, n kò tíì gbà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èso àárẹ̀ ni Adé jẹ lọ́jọ́ náà.

Tíṣà Ìjerò
Ẹ jẹ́ kó so ná, Ìyá Adé.

Ìyá Ìbejì (Ìkẹ́rẹ́)
Bí ẹ bá gé e ní Oṣù Kọkànlá, ẹ má da ẹ̀ka rẹ̀ nù o. Màá wọ ọkọ̀ wá gbà á. Tíṣà, ṣé ó máa hù?

Tíṣà Ìjerò
Á hù. Kó ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ojú méjì wọlẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù wé e kẹ́ ẹ tó fi sínú ọ̀rá, kó má baà gbẹ lọ́nà, kẹ́ ẹ sì sàmì sí èyí tó jẹ́ ìdí, torí àwọn míì máa ń dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ gbìn.