Lórí "àìyípadà" àti "ẹ̀dà" nínú ètò tí ń fi Fedora sórí kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń túmọ̀ ètò tí ń fi Fedora (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sórí kọ̀ǹpútà sí èdè Yorùbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Iléṣà dábàá pé kí a máa pe ìgbékalẹ̀ fáìlì (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà to fáìlì sórí dísìkì) tí ètò náà bá mú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn default, ní "ìgbékalẹ̀ fáìlì àìyípadà". Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú fóònù wa, ojú ti mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, àmọ́ mi ò lè fara mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ọlọ́run là ń kì ní Ọba Aláìyípadà. Ohun tí ètò yìí ń sọ ni pé, "Èyí la mú fún ọ, bí o bá fẹ́ òmíràn, yàn án." Fedora pàápàá ti yí i padà rí: ìgbékalẹ̀ fáìlì tó ń jẹ́ ext4 ló ń lò láti 2009, títí Fedora 33 fi gbé òmíràn tó ń jẹ́ Btrfs sípò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àdáni ní 2020. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ext4 tàbí XFS lè mú un. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá wa dán an wò ní Ifẹ̀ rí "àìyípadà", kò sì fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́, ó rò pé wọ́n ti tì í pa ni. "Àyànsílẹ̀" ni kí a kọ. A yàn án sílẹ̀ dè ọ́ ni.

Èyí tó ká mi lára jù ni "ẹ̀dà" tí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ fi túmọ̀ snapshot, ìyẹn bí fáìlì ṣe wà ní àsìkò kan, tí Btrfs dì mú kí a lè padà sí i. Btrfs kì í kọ nǹkan tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ibi tó ṣófo ló ń kọ ọ́ sí, tó bá parí, á wá yí ìtọ́ka (àmì tó ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí dísìkì) síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná fi lè lọ lójijì láàárín iṣẹ́, tí ti àtijọ́ á sì wà bó ṣe wà. Snapshot kàn ń di àwọn ìtọ́ka àtijọ́ mú ni, kò da fáìlì kankan kọ. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò tíì yí padà, ojú kan náà lórí dísìkì kan náà ni ti àná àti ti òní jọ ń lò. Bí dísìkì bá kú, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka "ẹ̀dà" á gbà pé òun ti ní òmíràn nípamọ́, kò ní fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sínú fláàṣì. Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn lè ba iṣẹ́ odindi ọdún jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

"Ibùpadàsí" ni mo fi sílẹ̀ níwájú yín. A ní ibùsùn, a ní ibùjókòó. Ibi tí fáìlì lè padà sí ni èyí. Bó bá gùn, ẹ jẹ́ ká sọ pé "ibùpadà".

"Ẹ̀dà-nígbà-ìkọ̀wé" fún copy-on-write, ọ̀nà ìkọ̀wé Btrfs tí mo ṣàlàyé lókè, kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká kàn kọ ọ́ pé "kì í kọ lé àtijọ́ lórí".

Ó ku subvolume, ìyẹn apá tí a yà sọ́tọ̀ nínú Btrfs. Mi ò fẹ́ "ìpín kékeré", torí "ìpín" la ti ń pe apá dísìkì tí a gé ní ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ àwọn subvolume jọ ń pín àyè kan náà ni, a kì í gé e fún wọn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wò ó.